Iṣẹ́ Bọ́, Ṣùgbọ́n Bírò Ṣì Wà Lọ́wọ́ Yín

Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣubú kí wọ́n tó kọ ẹyọ gbólóhùn kan. Bí ilé iṣẹ́ bá ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé, tí wọ́n sì ka owó díẹ̀ lé yín lọ́wọ́, owó yẹn máa ń tóbi lójú ju bó ṣe jẹ́ lọ. Ẹni tó ti ń gba owó oṣù láti ọdún mẹ́wàá, tó wá rí owó oṣù mẹ́fà gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á máa ṣe é bíi pé òun ti di olówó. Bó bá wá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ìwé kíkọ, ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ ni pé, "Ìwé tí mo ti ń kọ pa mọ́ látọjọ́ yìí, mo máa tẹ̀ ẹ́ jáde wàyí." Ó máa gba Ṣómólú lọ, á tẹ ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀dà, á kó o wálé, páálí ìwé á kún pálọ̀ dé ojú fèrèsé. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, 200 ló tíì tà, àwìn sì ni 50 nínú ẹ̀. Ìyàwó ń béèrè owó sukúù ọmọ, ọkọ ń wo páálí.

Ohun tá a fẹ́ bá yín sọ kò ju eyí lọ: ẹ má fi ìwé ti ara yín bẹ̀rẹ̀. Ìwé àwọn ẹlòmíì, èyí tí wọ́n máa sanwó ẹ̀ kí ẹ̀rọ tó yí, ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣòní ni iṣẹ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀wé. Lọ́dún 2004, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé báńkì tí kò bá lówó ìpìlẹ̀ tó N25 bílíọ̀nù kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà tí ọdún 2005 fi máa parí, báńkì 89 ti di 25, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló sì bá a lọ. Àwọn kan ra ọkọ̀ akérò, àwọn kan ra fìrísà láti máa ta ẹja tútù. Àwọn tó ti fi ogún ọdún kọ lẹ́tà, tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn ìpàdé tí ẹnikẹ́ni ò lè jà sí, kò rántí pé iṣẹ́ nìyẹn náà jẹ́.

Ẹ wo àdúgbò yín dáadáa. Bí bàbá àgbà kan bá kú ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Ẹdẹ, ìwé ètò ìsìnkú gbọ́dọ̀ wà, àwọn Mùsùlùmí náà ń ṣe tiwọn fún fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Ìyá tó pé 70 ọdún ń fẹ́ ìwé kékeré tí àlejò máa mú lọ sílé. Ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe ìkórè, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ń ṣe ọjọ́ ìlú wọn, iléèwé ń fẹ́ ìwé ìparí ọdún, ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ ń wá ẹni tó máa bá wọn kọ òfin ẹgbẹ́ lédè tó yé wọn. Ta ló ń kọ gbogbo ẹ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ olóògbé kan tí kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta ló máa kọ ọ́ sórí fóònù lóru, á fi ránṣẹ́ sẹ́ni tó ń tẹ̀wé, ìyẹn náà á mú ti òkú tí wọ́n sin lọ́sẹ̀ tó kọjá, á yí orúkọ padà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo òkú wa fi jẹ́ aláàánú èèyàn tó tọ́ ọmọ tiẹ̀, tó sì tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. (Ká má parọ́, àwọn mìíràn nínú wọn kò tọ́ ọmọ kankan.)

Ibi tí oúnjẹ yín wà nìyẹn. Ẹ lọ bá ẹbí náà, ẹ jókòó tì wọ́n fún wákàtí méjì, kẹ́ ẹ bi wọ́n ní ohun tẹ́nì kan ò bi wọ́n rí. Ọjà wo ni màmá ń ná? Kí ni wọ́n kọ́kọ́ tà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ aṣọ títà? Orúkọ wo ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè wọ́n? Kí ni wọ́n máa ń sọ bí inú bá ń bí wọn? Àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ olóògbé ló sábà máa ń mọ ìtàn ìgbà èwe, àwọn ọmọ kì í mọ̀ ọ́n. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó gbà á. Bí àwọn ọmọ kan bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, ẹ pe àwọn náà, nítorí pé wọ́n sábà máa ń wà lára àwọn tó ń sanwó, fọ́tò àtijọ́ sì lè wà lọ́wọ́ wọn tí kò sí nílé.

Ewu tó wà nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti gírámà, ti orúkọ ni. Bẹ́ ẹ bá to orúkọ àwọn ọmọ tí àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n, tàbí tẹ́ ẹ gbàgbé ìyàwó kejì àtàwọn ọmọ ẹ̀, ìjà tó máa bẹ́ sílẹ̀ níbi ìnáwó yẹn, ẹ̀yin ni wọ́n máa dì í rù. Kẹ́ ẹ tó ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún yín lẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, ẹ̀dà 500 ti wà nílẹ̀. Nítorí náà, ẹ tẹ gbogbo ẹ̀ sórí pépà lásán, ẹ gbé e fún olórí ẹbí tàbí àkọ́bí, kó kà á, kó sì fọwọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnì kan tẹ "ó ti dáa" ránṣẹ́ lórí fóònù kò tó rárá.

Kí ìdajì owó wọlé kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, kí owó ìtẹ̀wé sì pé kí iṣẹ́ tó dé ilé ìtẹ̀wé. Ẹ má tijú. Ẹni tó ń háyà kánópì ń gba àsansílẹ̀, alásè ń gbà á, onílù gan-an ń gba tiẹ̀. Bí wọ́n bá ti sin òkú tán, kò sẹ́ni tó ń rántí oníwèé mọ́. Kẹ́ ẹ sì ya owó ìkọ̀wé sọ́tọ̀ kúrò lára owó ìtẹ̀wé. Àwọn kan wà nídìí iṣẹ́ yìí tó jẹ́ pé iye tí ilé ìtẹ̀wé bá dá fún wọn ni wọ́n ń fi díẹ̀ lé, ìyẹn ni pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kọ̀wé, owó ìrìnnà ni wọ́n ń gbà.

Nípa ìtẹ̀wé fúnra ẹ̀, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ nǹkan díẹ̀ kí wọ́n má baà rẹ́ yín jẹ. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń pè ní ọ́fúsẹ́ẹ̀tì ń lo àwo tí wọ́n ń ṣe fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Owó àwo yẹn kò yí padà, ì báà jẹ́ 100 ẹ̀dà lẹ fẹ́ tẹ̀, ì báà jẹ́ 2,000. Ìdí nìyẹn tí ẹyọ kan fi ń wọ́n bí ẹ̀dà bá kéré, tó sì ń dínwó bó bá pọ̀. Ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé tààrà láti orí kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní DI, kò nílò àwo, òun ló dáa fún 50 tàbí 100. Atẹ̀wé lè sọ fún yín pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kúkú tẹ ẹgbẹ̀rún kan, ó máa dínwó." Òótọ́ ló sọ, ẹyọ kan máa dínwó. Ṣùgbọ́n àwọn tó máa kù nílẹ̀ ńkọ́?

Bó bá jẹ́ ìwé tí wọ́n máa ṣẹ́ po, tí wọ́n á fi píìnì kàn láàárín, ojú ewé ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé pín sọ́nà mẹ́rin: 16, 20, 24. Ohun tẹ́ ẹ kọ bá jẹ́ ojú ewé 21, 24 lẹ máa sanwó ẹ̀, mẹ́ta á ṣófo. Ẹ béèrè bóyá iye tí wọ́n dá fún yín ti kan gígé, dídì àti ọ̀rá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ èèpo ìwé, nítorí pé ibẹ̀ ni owó tẹ́ ẹ ò rò tẹ́lẹ̀ máa ń fara pa mọ́ sí.

Tó bá jẹ́ Yorùbá lẹ fi kọ ọ́, wàhálà tiẹ̀ tún wà. Àmì ohùn tó hàn ketekete lórí kọ̀ǹpútà yín lè di àpótí kékeré lórí tiwọn, nítorí pé irú lẹ́tà tẹ́ ẹ lò kò sí níbẹ̀. PDF tó ti gbé lẹ́tà náà sínú ara ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé lọ, kẹ́ ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lórí pépà. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà, kò sì sí opó tó fẹ́ kà á pé ọkọ́ òun ti lọ. Àkọtọ́ òde òní, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1974, ni kẹ́ ẹ lò. "Aiye" ti di "ayé", "enia" ti di "ènìyàn".

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ilé. Lọ́jọ́ tí owó ìkúrò-lẹ́nu-iṣẹ́ yẹn bá wọlé, kí tọkọtaya jókòó, kí wọ́n ka owó oúnjẹ, owó ilé àti owó sukúù fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n gbé e sí àkáǹtì tí iṣẹ́ ìwé ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni owó iṣẹ́. Tí kò bá sì ṣẹ́ kù, ẹ ṣì lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fóònù, kọ̀ǹpútà àlòkù kan àti àsansílẹ̀ oníbàárà. Ẹ má tíì gba ṣọ́ọ̀bù. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 fàyè gba ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá láìrí òmíì, pé kó gba ohun tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ nínú owó tó wà lórúkọ ẹ̀. Owó ọjọ́ ogbó lẹ ń bù níbẹ̀ o. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ gbà á, kó jẹ́ fún oúnjẹ, kì í ṣe fún pépà.

Ọkùnrin tó ń múra láràárọ̀ bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́ kí aládùúgbò má baà mọ̀, ìyàwó ẹ̀ á mọ̀, ara ẹ̀ náà á sì mọ̀. Àsìkò báyìí ló yẹ kẹ́ ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bó bá jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tó ti ń lo oògùn tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró nítorí pé ilé iṣẹ́ kò sanwó ẹ̀ mọ́. Ẹ sọ fún dókítà pé owó ti yàtọ̀, oògùn tó dínwó tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà sábà máa ń wà. Ẹni tó ti lé ní 40 ọdún, tó ń na ìwé jìnnà sójú kó tó rí i kà, ẹ lọ yẹ ojú wò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ awò lásán lẹ nílò. Ẹni tó ń kàwé fún owó kò lè máa méfò.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni jẹnẹrétọ̀. Iṣẹ́ òru ni ìwé kíkọ lọ́pọ̀ ìgbà, iná kì í sì í dúró, làwọn kan bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ kí olè má baà gbé e. Afẹ́fẹ́ tó ń pani nínú èéfín ẹ̀ kò láwọ̀, kò lóòórùn, ẹni tó bá ti sùn kì í mọ̀ rárá. Ìta gbangba, jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Tí kò bá sírú ibẹ̀, ẹ pa á, kẹ́ ẹ kọ̀wé lójúmọmọ.

Ìwé tiyín ńkọ́? Kò sọnù. Ẹ rántí Isaac B. Thomas l'Ékòó, tó dá ìwé ìròyìn Akéde Èkó sílẹ̀ lọ́dún 1928. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn náà láti 1929 dé 1930, bí ẹni pé obìnrin náà fúnra ẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́. Nígbà tí ìtàn náà ti wọ àwọn òǹkàwé lára tán ló tó kó o jọ di ìwé lọ́dún 1930. Ẹ̀yin náà, ẹ fi orí kan tàbí méjì han àwọn èèyàn ná. Bí wọ́n bá ń béèrè ìyókù, ẹ tẹ 50 lórí DI, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tà á fún àwọn ẹbí tẹ́ ẹ ti bá ṣiṣẹ́ rí. Ilé ìtàwé lè gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n á yọ èrè tiwọn, ìgbà tó bá sì tà ni wọ́n sábà máa ń sanwó.

Nígbà yẹn ni kẹ́ ẹ forúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC bẹ́ ẹ ò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé iléèwé àti ẹgbẹ́ kì í fẹ́ sanwó sínú àkáǹtì ti ara ẹni. Nọ́ńbà ISBN tó ń wà lẹ́yìn ìwé, tó ti jẹ́ 13 láti ọdún 2007, ọ̀dọ̀ Ilé Ìkówèésí Àpapọ̀ Nàìjíríà lẹ ti máa gbà á, kẹ́ ẹ gbà á kí èèyàn tó ya èèyo ìwé náà, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti tẹ̀. Òfin ní kí ẹni tó bá gbé ìwé jáde kó ẹ̀dà mẹ́ta fún ilé ìkówèésí náà láàárín oṣù kan, nítorí náà, ẹ ka mẹ́ta yẹn mọ́ iye tẹ́ ẹ máa tẹ̀.