Ẹ̀yin Mínísítà, Ẹja Ni Ẹja Odò Òkè Náà

Sí Mínísítà tó ń bójú tó ohun ọ̀sìn àti ẹja ní Côte d'Ivoire,
Abidjan.

Ẹ̀yin Mínísítà,

Ẹ mọ ohun tí àwọn awakùsà wúrà àti àwọn tó ń fi májèlé pẹja ń ṣe sí odò ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà lẹ́tà yìí kò ní fi ìkíni falẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ń parí lọ, ẹnì kan da oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ara kòkó sínú odò kékeré kan lẹ́sẹ̀ òkè Tonkoui, nítòsí Man. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja ti léfòó láti àárín àpáta títí dé ibi tí odò náà ti bọ́ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹni tó da oògùn ṣa àwọn tó tóbi, ó gbé wọn lọ sọ́jà fún ọmọ ọlọ́mọ láti jẹ. Ìyókù jẹrà síbẹ̀. Bàbá àgbà kan tó ti ń fi ìwọ̀ àti ìgèrè pẹja lódò yẹn láti kékeré kó díẹ̀ sínú ike, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba kan, ó ní kí wọ́n wá wo ohun tí wọ́n fi odò ṣe. Wọ́n fi í sórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí wọ́n dá a lóhùn, wọ́n ní irú ẹja tín-ín-tín bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ohun tí àwọn ń kà, kó tètè lọ da ike náà nù nítorí ó ń rùn.

Ìyá kan, ará Ejigbo, tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Adjamé ní Abidjan, tó sì ti ń ra ẹja lọ́wọ́ bàbá yìí tipẹ́, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìlú. Ó ní kì í ṣe owó ló dun bàbá. Bàbá mọ ẹja kọ̀ọ̀kan nínú odò yẹn: èyí tó ń sùn sábẹ́ òkúta, èyí tó máa ń jáde lálẹ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa nígbà tó bá ń yé ẹyin. Ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ fi àwọ̀n dí odò láti etí kan dé èkejì. Òṣìṣẹ́ tí kò tíì ki ẹsẹ̀ bọ odò náà rí ló wá sọ fún un, lójú àwọn ọmọdé tó ń ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, pé ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣọ́ kò ju ìdọ̀tí lọ. Bàbá kò fọwọ́ kan oúnjẹ títí ó fi délé. Ibẹ̀ ni ìbínú lẹ́tà yìí ti wá, Mínísítà, kò sì ní fara pamọ́.

Ẹja wo ni wọ́n pè ní ìdọ̀tí yìí? Kí ẹ lè mọ iyì ẹja odò òkè, ẹ wo òkè Nimba, òkè tó ga jù ní orílẹ̀-èdè yìí, mítà 1,752, tí Côte d'Ivoire, Guinea àti Liberia jọ pín. Ọdún 1944 ni wọ́n ti sọ ọ́ di igbó ìpamọ́. UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 1981, ó fi apá ti Côte d'Ivoire kún un ní 1982, ó sì ti wà lára àwọn ogún tó wà nínú ewu láti 1992. Ara òkè yìí ni odò Cavally ti ń ṣàn wá. Omi ibẹ̀ tutù, ó ń sáré, ó ń já láti orí àpáta kan sórí òmíràn. Ẹja kékeré tí omi bá gbé kọjá ibi tó ti já kò lè gòkè padà mọ́, nítorí náà ni ẹja odò kan ṣe ń yàtọ̀ sí ti odò kejì bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ní 1948, Jacques Daget, onímọ̀ nípa ẹja, kọ nípa ẹja tín-ín-tín kan tó fi orúkọ Nimba pè. Ní 2009, wọ́n tún fi orúkọ òkè náà pe odindi ìsọ̀rí ẹja kan, Nimbapanchax, àwọn ẹja aláwọ̀ mèremère tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Nínú Cavally àti odò Nipoué ni irú èpìyà kan wà, Coptodon walteri, tí kò sí níbòmíràn láyé.

Láti 1965 ni Daget àti onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Iltis, ti tẹ ìwé jáde lórí ẹja odò Côte d'Ivoire. Kò sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó lè sọ pé òun kò gbọ́ orúkọ àwọn ẹja yìí rí.

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ẹja trout inú odò òkè níyì débi pé àwọn èèyàn ń rin ọ̀pọ̀ wákàtí nínú igbó láti fi ìwọ̀ mú un, wọ́n á sì dá a padà sómi. Ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, àríwá nìkan ni trout tó jẹ́ onílé wà, lápá òkè Atlas. Ẹ bi àwọn ará Morocco léèrè nípa adágún Sidi Ali. Ó ní trout tirẹ̀ tí kò sí níbòmíràn. Ní 1934 wọ́n kó ẹja carp àlejò sínú adágún náà. Nígbà tó fi máa di 1938, trout yẹn ti tán láyé. Ìdí nìyí tí ètò èpìyà tí ìjọba yín ń gbé lárugẹ fi ń ba èèyàn lẹ́rù. Ẹ sìn ín nínú adágún àtọwọ́dá, ó dára, nítorí ẹja tí à ń jẹ ní Abidjan, òkèèrè ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á sínú odò òkè.

Ohun kan wà tó yẹ kó ti ìjọba lójú. Nínú ètò tí àjọ ìlera àgbáyé WHO bẹ̀rẹ̀ ní 1974 láti fi gbógun ti eṣinṣin etí odò tó ń fa ìfọ́jú, hẹlikópítà máa ń da oògùn temephos sínú àwọn odò wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni pé: kí ni oògùn yìí máa ṣe sí ẹja? Wọ́n gbé àwọn onímọ̀ kalẹ̀ ní Bouaké, wọ́n ń ta àwọ̀n, wọ́n ń ka ẹja, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, lọ́dọọdún. Oògùn tí wọ́n fi ń dènà àrùn ni wọ́n ń dà nígbà yẹn o! Lónìí, májèlé ni wọ́n ń dà, mákúrì ni wọ́n ń dà, ẹni tó bá gbé òkú ẹja wá ni wọ́n ń lé.

Ẹ mọ bí mákúrì ṣe ń ṣiṣẹ́. Awakùsà á pò ó mọ́ iyanrìn kó lè di wúrà mú, á fi iná sun ún, èyí tó bá ṣẹ́kù á wọ odò. Nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ló ti ń yí padà di irú májèlé tí ẹja ń gbé sára. Ẹja ńlá á jẹ kékeré, àwa á jẹ ńlá. Láti 1956 ni ayé ti rí ohun tó ṣe ní Minamata ní Japan. Orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi pe àdéhùn tí Côte d'Ivoire náà wà nínú rẹ̀. Ẹrẹ̀ tí wọ́n ń hú sì ń bo ẹyin ẹja mọ́ ara òkúta, kò ní pa.

Òfin wà: òfin ẹja ti oṣù Keje ọdún 2016 kò gba májèlé láyè. Kí ẹ wá mú un lò. Kí ẹ rán àwọn èèyàn yín lọ sí Man, Danané àti Zouan-Hounien, kí wọ́n ka ẹja odò kéékèèké, kì í ṣe èyí tó tóbi nìkan. Kí ẹ ti odò Cavally mọ́ àwọn awakùsà. Kí ẹ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí apẹja yẹn. Ní Sapia, nítòsí Daloa, àwọn ará abúlé ń ṣọ́ ẹja àrọ̀ inú odò wọn gẹ́gẹ́ bí ohun mímọ́, ẹnikẹ́ni kì í pa á, kò sì sí ẹni tó ń san owó oṣù fún wọn. Irú wọn ló yẹ kí ẹ fún láṣẹ àti owó.

Kì í sì í ṣe òkè nìkan. Odò Banco ń ti inú igbó Abidjan jáde, igbó tí ìjọba sọ di ọgbà ìpamọ́ orílẹ̀-èdè ní 1953, kò pẹ́ tó fi bọ́ sínú ọ̀sà Ebrié pẹ̀lú ọṣẹ àti ìdọ̀tí. Àwọn ará Abidjan kò tíì gbàgbé oṣù Kẹjọ ọdún 2006, nígbà tí ọkọ̀ Probo Koala kó májèlé wá, tí wọ́n tú u dà káàkiri ìlú. Èèyàn tó lé ní 100,000 ló wá ìtọ́jú. Nígbà yẹn, ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn èèyàn ti ń bì ni wọ́n tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má dúró dìgbà yẹn mọ́. Kí ẹ máa yẹ omi Cavally, Sassandra àti Ebrié wò lóṣooṣù, kí ẹ sì lẹ àbájáde rẹ̀ mọ́ ẹnu ọjà Adjamé àti Treichville ní èdè tí àwọn ẹlẹ́ja ibẹ̀ gbọ́: Júlà, Baoulé, Yorùbá, pẹ̀lú orúkọ odò tí ẹja rẹ̀ kò ṣeé jẹ.