Ẹni tí Ó Ra Òkè Kò Ra Odò

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí owó bá ṣe tì, ilẹ̀ ni ó ń gbé. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ènìyàn bèèrè bí ó bá tọ́ kí owó ra ohun gbogbo tí ó lè rà. Ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní àwọn ìpínlẹ̀ bí Montana àti Wyoming, ìbéèrè yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin ẹni tí ó ní òkè àti ẹni tí kò ní.

Àwọn òkè gíga tí orúkọ wọn ń jẹ́ Rocky wà ní ilẹ̀ náà. Yìnyín a máa bo orí wọn nígbà òtútù. Nígbà tí ó bá sì yọ́, omi rẹ̀ a ṣàn wá sí àfonífojì, a di odò tútù tí ó mọ́ gaara. Ní ẹsẹ̀ àwọn òkè wọ̀nyí ni àwọn oko ẹran ọ̀sìn gbé wà, tí òmíràn nínú wọn jìnnà sí ìlú tó bẹ́ẹ̀ tí yìnyín fi lè dí ọ̀nà rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ń ra irú oko bẹ́ẹ̀ lónìí ni ó fẹ́ sin màlúù. Ọlọ́rọ̀ láti ìlú ńlá ni òmíràn. Ìdákẹ́jẹ́ ni ó ń wá, pẹ̀lú ọdẹ àti ẹja. Nígbà ìwọ́wé, yóò dọdẹ elk, ẹranko oníwo tí ó jọ àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n tí ó tóbi jù ú lọ fíìfíì. Nígbà tí oòrùn bá ń mú, yóò wọ inú odò dé orókún láti pa ẹja tí ń jẹ́ trout. Kì í ṣe ekòló ni wọ́n fi ń dẹ ẹja yìí níbẹ̀. Ìyẹ́ ẹyẹ àti irun ẹranko ni wọ́n ń wé mọ́ ìwọ̀ títí yóò fi jọ kòkòrò kékeré. Apẹja a sì ju okùn rẹ̀ síwá sẹ́yìn lókè, kí ìwọ̀ náà tó bà lé omi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí kòkòrò gidi. Púpọ̀ nínú wọn ni í dá ẹja náà padà sínú omi bí wọ́n bá ti mú un tán.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sẹ́ pé irú rírà bẹ́ẹ̀ ní àǹfààní. Ní ọdún 1989, Ted Turner, ẹni tí ó dá iléeṣẹ́ ìròyìn CNN sílẹ̀, ra oko Flying D lẹ́bàá ìlú Bozeman ní Montana, oko tí ó ju 110,000 éékà lọ. Ó kó màlúù kúrò níbẹ̀, ó fi ẹfọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà rọ́pò wọn, ó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí kò jẹ́ kí a gé ilẹ̀ náà wẹ́wẹ́ tà fún àwọn akọ́lé. Bí òkè bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀, ẹranko a rí ibi sá sí.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́. Nígbà tí àgbẹ̀ ni ó ni oko, aládùúgbò tí ó bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ sábà máa ń rí àyè dọdẹ. Nígbà tí olówó àjèjì bá rà á, ó lè ti géètì pa, kí ó sì gbé pátákó kọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọlé. Ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ kọ́ ní ẹja pípa nínú odò kan yóò wá dúró lójú títì, yóò máa wo omi náà lókèèrè.

Òfin Montana ti gbìyànjú láti tún èyí ṣe. Ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà ti ọdún 1972 sọ pé ti ìpínlẹ̀ ni gbogbo omi, fún ìlò àwọn ènìyàn rẹ̀. Òfin ọdún 1985 sì gba ẹnikẹ́ni láàyè láti rìn nínú odò kí ó sì pẹja, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti kọjá ibi tí omi máa ń kún dé. Kò gbọdọ̀ la ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá kí ó tó dé odò. Ó lè gba ibi afárá ojú ọ̀nà ìjọba wọlé. Bákan náà ni ẹranko igbó kì í ṣe ti onílẹ̀. Onílẹ̀ pàápàá gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ kí ó tó yìnbọn sí elk lórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Ní Wyoming, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ènìyàn lè wa ọkọ̀ kọjá lórí omi, ṣùgbọ́n bí ìsàlẹ̀ odò bá jẹ́ ti onílẹ̀, kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láìgba àṣẹ.

Ní Wyoming yìí kan náà ni ẹjọ́ ńlá kan ti ṣẹlẹ̀. Láyé àtijọ́, ìjọba fi ilẹ̀ ta iléeṣẹ́ ojú irin lọ́rẹ ní ọ̀kan fò ọ̀kan, tí ó fi dàbí ojú ọpọ́n dírááfù: ti ìjọba rèé, ti aládàáni rèé. Ní ọdún 2021, ọdẹ mẹ́rin gbé àkàbà sí igun tí ilẹ̀ ìjọba méjì ti pàdé ní Elk Mountain, wọ́n sì gorí rẹ̀ kọjá láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ onílẹ̀. Onílẹ̀ náà pè wọ́n lẹ́jọ́, ó ní afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè ilẹ̀ òun ni wọ́n là kọjá, ó sì ń béèrè ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá àwọn ọdẹ náà láre; ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ onílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí, nítorí ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.

Onílẹ̀ lè wí pé àwọn àlejò a máa da ìdọ̀tí sílẹ̀, pé wọn a sì máa ṣí géètì sílẹ̀ kí màlúù lè ṣáko lọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣẹ̀ ni ó yẹ kí a fìyà jẹ, kì í ṣe gbogbo ìlú. Ìjọba Montana pàápàá ń san owó fún onílẹ̀ tí ó bá gba ọdẹ láàyè.

Ẹni tí ó bá ní owó, kí ó ra òkè, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ó rántí pé odò náà ti ń ṣàn kí ó tó dé, kò sì ní dúró ní ààlà oko rẹ̀. Kí ó sì rántí pé ní ọjọ́ tí yìnyín bá dí ọ̀nà, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì rì sínú rẹ̀, aládùúgbò ni yóò ké pè. Bí ó bá ti ti odò pa mọ́ gbogbo aládùúgbò, ta ni yóò dá a lóhùn?