Ẹ̀sùn Tí Mo Fi Kan Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń To Rúótà

Ẹ̀yin tí ẹ ń to rúótà fún ilé iṣẹ́, ilé ìwòsàn àti ilé ìwé, ẹ̀yin ni mo fẹ̀sùn kàn. Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, mo mọ ohun tí mo ń sọ. Wáyà kò já, iná kò lọ, síbẹ̀ iṣẹ́ ọmọ ènìyàn dúró nítorí nọ́ńbà tí ẹ kọ láìrò ó.

Ẹ̀sùn kìíní: ẹ ń kọ 255.255.255.0 síbi gbogbo bí ẹni ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Subnet mask ló ń sọ fún ẹ̀rọ ibi tí orúkọ àdúgbò parí sí nínú àdírẹ́sì, àti ibi tí nọ́ńbà ojúlé ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ṣì í kọ, ẹ̀rọ kò ní mọ ará ilé yàtọ̀ sí ará ọ̀nà jíjìn. Ilé iṣẹ́ kan pè mí n'Ìbàdàn. Ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú mi ti pín 192.168.10.0 sí méjì: 0 sí 127 fún ìsàlẹ̀, 128 sí 255 fún orí pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Ó kọ 255.255.255.128 sórí rúótà, ó kọ ọ́ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lókè, èyí tó ń jẹ́ 192.168.10.150. Àmọ́ kọ̀ǹpútà akọ̀wé tó wà nísàlẹ̀, 192.168.10.20, 255.255.255.0 ló fi sílẹ̀ níbẹ̀. Bí akọ̀wé bá fẹ́ tẹ ìwé, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á wo 150, á ní ará ilé òun ni, á wá máa pè é láàrin àdúgbò tirẹ̀: “Ta ló ń jẹ́ 150? Ta ló ń jẹ́ 150?” Kò sẹ́ni tó dáhùn, torí ẹ̀yìn rúótà ni ẹni tí ó ń pè wà. Wọ́n ti pa proxy ARP, tí ì bá bá a jẹ́ ìpè náà, lórí rúótà. Google ń ṣí geere, ìwé ò jáde.

Ẹ̀sùn kejì ló dùn mí jù: ẹ ń fi rúótà yín ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín. Kíkó ọ̀nà jọ sójú kan, èyí tí a ń pè ní route summarization, ìlérí ni. Rúótà tó bá kéde 10.20.0.0/21 ń sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé àdúgbò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, láti 10.20.0 dé 10.20.7, ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n wà. Ìlà kan ló dípò mẹ́jọ, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́fà lẹ ní. Ẹ ò ní 6, ẹ ò ní 7. Ẹ wò ó bí ẹrù kan, ìyẹn packet, bá dé tó ń lọ sí 10.20.7.9. Rúótà yín wá a títí, kò rí i, ó wá tẹ̀ lé default route, ó dá ẹrù padà sọ́dọ̀ ẹni tó gbé e wá. Ìyẹn náà wo ìlérí yín, ó tún gbé e padà fún yín. Wọ́n á máa jù ú síra wọn títí TTL rẹ̀, òǹkà tó ń dín kù ní rúótà kọ̀ọ̀kan, tí kò sì lè ju 255 lọ, á fi di òdo, tí ẹrù á sì kú sójú ọ̀nà. Ìlà kan ni ì bá fòpin sí jíjù síra wọn yìí, tí ì bá sọ ẹrù náà nù lójú ẹsẹ̀: `ip route 10.20.0.0 255.255.248.0 Null0`. OSPF àti EIGRP lórí Cisco máa ń fi irú ìlà yìí síbẹ̀ fúnra wọn, ṣùgbọ́n níbi tó bá jẹ́ pé ọwọ́ lẹ fi kọ ọ̀nà, ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́. Èyí tó tún sàn ju ìyẹn lọ ni kí ẹ kéde ohun tí ẹ ní: 10.20.0.0/22 àti 10.20.4.0/23. Ìlà méjì péré ni, kò sì sírọ́ nínú wọn.

Ẹ̀sùn kẹta kan ẹ̀yin tí ẹ kì í kó nǹkan kan jọ rárá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2014, Verizon tú ọ̀nà bí 15,000 síta ní wẹ́wẹ́. Ìwé ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì àgbáyé kọjá 512,000, àwọn rúótà àtijọ́ tí àyè inú wọn kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀. Ẹrù tí ẹ kọ̀ láti dì, orí ẹlòmíràn ló ń gbé e.

Ẹ̀sùn kẹrin: ẹ kì í yẹ ohun tí aládùúgbò kéde wò. Rúótà a máa gba ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe pàtó jù lọ gbọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2008, YouTube ń kéde 208.65.152.0/22. Pakistan Telecom, tí ìjọba wọn ní kó dí YouTube lábẹ́lé, kéde 208.65.153.0/24, PCCW ní Hong Kong sì gbà á láìbéèrè, ó tàn án kálẹ̀. Fún nǹkan bíi wákàtí méjì, Pakistan ni ẹrù YouTube ń lọ parẹ́ sí. Ní Èkó tiwa, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, àṣìṣe nínú filter ilé iṣẹ́ MainOne darí ọ̀nà Google gba China Telecom fún ìṣẹ́jú 74. MainOne jáde, wọ́n ní àwọn làwọn ṣe é. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí ìyẹn.

Torí ẹ̀sùn karùn-ún mi ni pé ẹ̀yin kì í jẹ́wọ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ Ìbàdàn yẹn sọ fún akọ̀wé náà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò dáa, kó máa pa kọ̀ǹpútà, kó máa tàn án. Obìnrin náà gbà pé òun ni òun ò mọ̀ ọ́n lò. Ọ̀gá rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń fi fláàṣì gbé ìwé gun pẹ́tẹ́ẹ̀sì, pẹ̀lú oyún nínú. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, mo yí 0 tó gbẹ̀yìn padà sí 128, mo ní kó tẹ ìwé kan wò. A jọ dúró nísàlẹ̀, a ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lókè.