Ta Ló Ní Kó O Sá fún Àwọn Èèyàn Rẹ?

Ìmọ̀ràn kan wà tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ jápa máa ń gbọ́ kí físà tiẹ̀ tó jáde rárá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹni mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sọ ọ́ fún mi: "Tó o bá débẹ̀, sá fún àwọn ọmọ Nàìjíríà o. Má bá wọn rìn rárá. Àwọn gan-an ló máa ṣe ẹ́." Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yìí ò tíì ré kọjá Cotonou rí.

Ìmọ̀ràn yìí ní ìbejì ẹ̀ tí wọ́n jọ máa ń rìn: "Má sọ fún ẹnì kankan pé ò ń lọ. Ìgbà tó o bá gúnlẹ̀ tán ni kó o tó gbé fọ́tò síta."

Èmi gba méjèèjì. Mo tẹ̀ lé wọn bí ẹni ń lo oògùn dókítà. Ohun tí ojú mi rí nítorí ẹ̀ ló jẹ́ kí n kọ èyí, torí ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ̀ràn burúkú ni. Ó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni, ó ń gba oorun lójú ẹni, àwọn tó ń jàǹfààní nínú ẹ̀ sì ni àwọn oníjìbìtì tá a ní a ń sá fún.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Alẹ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá ni mo gúnlẹ̀ sí Berlin, ní Jámánì. Àpótí méjì, ìwé iṣẹ́ kan, fóònù kan tí káàdì SIM inú ẹ̀ ò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ti ka gbogbo ohun tí èèyàn lè kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Mo rò pé kò sóhun tí mi ò lè wá rí fúnra mi.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń ti pápákọ̀ òfuurufú bọ̀ sáàárín ìlú, mo gbọ́ Yorùbá. Obìnrin kan ló ń bá ọkọ ẹ̀ ṣàròyé lórí iṣu: "Mo ní kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ ìdí ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó." Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín síta. Ni mo bá rántí ìmọ̀ràn. Mo ki earpiece bọ etí mi méjèèjì, orin kankan ò sí nínú ẹ̀, mo kọjú sí fèrèsé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin yẹn wo àpótí mi, ó wo ojú mi, ó dúró díẹ̀ bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Mi ò gbójú sókè.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sọ́ńdè. Mo jáde láti lọ ra búrẹ́dì, ṣúgà, omi àti káàdì SIM. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló wà ní títì pa. Mo rìn títí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ nílùú. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wọn gan-an ló sọ ọjọ́ Sọ́ńdè di ọjọ́ ìsinmi, pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí, àmọ́ àwọn tó wà nínú ibùdókọ̀ ojú irin ńlá máa ń ṣí. Ẹni tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Èmi ò sì mọ ẹnikẹ́ni tó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀. Mo padà sí yàrá, mo se omi ẹ̀rọ kí n tó mu ún, torí mi ò mọ̀ pé ó ṣe é mu bẹ́ẹ̀. Mo fi mu gàrí tí màmá mi dì sínú àpótí fún mi, láìsí ṣúgà, láìsí ẹ̀pà, nínú kọ́ọ̀bù tíì.

Màmá mi pè lálẹ́. "Ṣé o ti rí àwọn èèyàn wa níbẹ̀?"

"Mo ti rí wọn mà. Wọ́n ń tọ́jú mi dáadáa."

Irọ́ tí mo kọ́kọ́ pa lókè òkun, ìyá mi ni mo pa á fún.

Ebi ọjọ́ kan ò pààyàn. Ìwé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ní Jámánì, ẹni tó bá kó wọ ilé gbọ́dọ̀ lọ forúkọ ara ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Anmeldung ni wọ́n ń pè é. Kó o tó lè ṣe é, ẹni tó fún ẹ nílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé lóòótọ́ lò ń gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn Anmeldung ni nọ́ńbà owó-orí ẹ, dígíìtì 11, máa tó bá lẹ́tà wá. Ọ̀pọ̀ báńkì ń béèrè ìwé Anmeldung yẹn. Ọ̀pọ̀ onílé ń béèrè ìwé SCHUFA, ìyẹn àkọsílẹ̀ bó o ṣe ń san gbèsè. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá, gbèsè wo ló ti san níbẹ̀ rí?

Àwa tá à ń kọ kóòdù mọ irú wàhálà yìí dáadáa. A ń dúró de B, B ń dúró de A, ẹ̀rọ á kàn jókòó síbẹ̀ ni, kò ní kú, kò sì ní ṣiṣẹ́. Ẹni tó ni yàrá tí mo kọ́kọ́ gbà ò fọwọ́ sí ìwé kankan. Kò sọ fún mi kó tó gbowó. Ni mo bá ń wá ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóru. Mo kọ lẹ́tà sí ilé tó ju ogójì lọ, ẹni mẹ́ta ló fèsì, méjì ní ilé ti lọ. Ẹnì kẹta ní òun ti gba iṣẹ́ lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, pé kí n fi €1,800 ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí owó ìdúró, òun á fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí mi. Orúkọ òyìnbó ló ń jẹ́. Òyìnbó ni wọ́n ní kí n máa bá rìn, àbí? Mo ti tẹ iye owó yẹn sínú fóònù. Ohun tó kù ni kí n tẹ bọ́tìnnì kan.

Ọ̀rọ̀ ata ló gbà mí. Ẹnu mi ti ń ṣá, mo sì gbọ́ pé wọ́n ń ta oúnjẹ wa ní àdúgbò Wedding, nítòsí àwọn òpópónà tí wọ́n fi orúkọ Togo àti Kamẹrúùnù pè. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan. Mo ti pinnu pé èdè òyìnbó ni màá sọ, màá sanwó, màá jáde. Bí mo ṣe rí ìyá tó jókòó sídìí owó báyìí, ẹ̀kọ́ ilé ló gba ẹnu mi sọ̀rọ̀: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà." Mo ti kúnlẹ̀ díẹ̀ kí n tó mọ̀, ọkùnrin bí èmi, torí ojú ti dà rú mọ́ mi. Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín.

"Dìde, ọmọ mi. Ìgbà wo lo dé?"

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án mà."

"Ó hàn lójú ẹ. O ti rílé?"

Mo fi fóònù hàn wọ́n. Wọn ò tiẹ̀ kà á parí. "Kò sílé kankan níbẹ̀. Ìwọ nìkẹta tó máa gbé irú ẹ̀ wá bá mi lọ́dún yìí. Má fowó ránṣẹ́ fún ẹni tó ò rí, fún ilé tó ò wọ̀." Wọ́n gbé fóònù tiwọn, wọ́n pe ẹnì kan tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní yàrá kan, ó sì ṣe tán láti fọwọ́ sí ìwé. Gbogbo ẹ̀ ò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Bí mo ṣe ń jáde, wọ́n tún pè mí padà: "Tó o bá dé ilé yẹn, kọ orúkọ ẹ mọ́ àpótí lẹ́tà o. Orúkọ ni wọ́n ń wò níbí. Tí wọn ò bá rí i, wọ́n á dá lẹ́tà ẹ padà."

Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà, mi ò rí ìyẹn níbì kankan.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń múra láti dá mi lóhùn: "Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Nàìjíríà kan wà tó ń lu ara wọn ní jìbìtì lókè òkun." Òótọ́ ni. Mo ti bá wọn pàdé. Àwọn kan wà tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tuntun láti bá a wá ọjọ́ tó máa lọ ṣe Anmeldung, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀fẹ́ ni Anmeldung ní Berlin. Àwọn kan á gba owó ìdúró, wọn ò ní dá a padà. Mi ò gbèjà wọn.

Àmọ́ ẹ bá mi rò ó. Kí ló jẹ́ kí ọjà wọn máa tà? Ṣebí torí pé ẹni tuntun ò mọ ẹlòmíì tó lè bi ni? Ẹni tó mọ èèyàn kan ṣoṣo ni wọ́n ń lù ní jìbìtì. Ẹni tó mọ èèyàn mẹ́wàá, tí ọ̀kan bá fẹ́ gbá a lójú, á bi àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Tó o bá wá ní kó sá fún gbogbo wọn, o ti bá oníjìbìtì tú ọjà ẹ̀ sílẹ̀. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àwọn àgbà ò sọ pé nítorí pé oró wà lẹ́nu ejò, kí ejò máa dá rìn.

Ẹ tún wo àwọn ẹlòmíì tó wà nílùú yẹn. Ọdún 1961 ni Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn bá orílẹ̀-èdè Tọ́kì ṣàdéhùn láti máa gba àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Lónìí, ẹ lọ sí Kreuzberg àti Neukölln kẹ́ ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀bù wọn, mọ́ṣáláṣí wọn, lọ́yà wọn. Àwọn ará Vietnam ní ọjà ńlá kan ní Lichtenberg, Dong Xuan Center. Ṣé ẹ rò pé ìmọ̀ràn pé "sá fún àwọn èèyàn ẹ" ló kọ́ ọjà yẹn?

Kì í sì í ṣe ìwà àtayébáyé wa. Àwọn Lukumí tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní cabildo. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dáwó jọ, tí wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, tí wọ́n ń sìnkú, tí wọ́n tiẹ̀ ń ra ẹlòmíì kúrò lóko ẹrú. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, dé London lọ́dún 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Ní 1925, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀. Nígbà tó di 1933, wọ́n ṣí ilé kan ní Camden, torí pé àwọn onílé London ò fẹ́ fún èèyàn dúdú ní yàrá. Ẹ rò ó wò ká ní ẹnì kan ti sọ fún Ṣólàńkẹ́ ní èbúté pé, "Má bá wọn rìn o."

Ó ku ìmọ̀ràn kejì, ti kí a máa fi ìrìn àjò pamọ́. Mo mọ ibi tó ti wá. Físà lè má jáde, ìtìjú sì burú. Ẹ̀rù ayé ń bà wá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí mo dé, mo pàdé ọ̀rẹ́ mi kan níwájú ibi tí wọ́n ti ń dá ìgò òfo padà fún sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. A jọ kàwé ní ẹ̀ka kan náà ní yunifásítì ni, a jọ jẹ ẹ̀bà nínú abọ́ kan. Ó ti wà ní Berlin fún ọdún kan ààbọ̀. Ibùdókọ̀ mẹ́rin péré ló wà láàárín ilé wa. Òun ò sọ fún mi, èmi ò sọ fún un. Nítorí àwọn ọ̀tá tá ò mọ̀, àwa ọ̀rẹ́ méjì fara pamọ́ fún ara wa.

Tó bá jẹ́ ibi tí ìyà ti jẹ mí nìkan lọ̀rọ̀ parí sí ni, mi ò bá má kọ ọ́. Èmi náà ti fi jẹ ẹlòmíì.

Nígbà tí mo pé ọdún kan níbẹ̀, àbúrò kan kọ̀wé sí mi láti ilé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀ sà. Mo ti ríṣẹ́ ní Berlin. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan nípa ilé." Mo kà á. Mo rò ó pé, "Ta ni èyí? Kí ló ń wá gan-an?" Mo fi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó dá a lóhùn. Ó ti fi €900 ránṣẹ́ fún onílé kan tí ò sí. Owó tí bàbá ẹ̀ yá ni. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Kò burú, ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí." Ọwọ́ mi ò dí rárá. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí ìyá Wedding sọ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ ló fẹ́ gbọ́, mo sì ní in lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú iṣẹ́ tèmi, ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń dá kọ kóòdù tán. Lójoojúmọ́ là ń lo iṣẹ́ tí ẹni tá ò mọ̀ rí kọ, tó sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àlàyé bí a ṣe ń lò ó. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé lórí ọ̀rọ̀ ibi tí ọmọ ìyá ẹni máa sùn, a ò lè kọ ojú ìwé kan?

Mo ti kọ tèmi. "Ọ̀sẹ̀ Kìíní" ni mo pè é. Ra oúnjẹ kí ọjọ́ Sátidé tó lọ. Omi ẹ̀rọ ṣe é mu. Kó o tó sanwó yàrá, béèrè bóyá wọ́n á fọwọ́ sí ìwé Anmeldung. Má fowó ránṣẹ́ fún ilé tó ò wọ̀. Kọ orúkọ ẹ mọ́ àpótí lẹ́tà. Má ju ìgò nù, owó ni. Ẹni mẹ́rin mìíràn ti fi tiwọn kún un, àbúrò tí wọ́n lù ní jìbìtì yẹn sì lẹni àkọ́kọ́. Ẹ kọ ti ìlú tẹ́ ẹ wà náà, ìbáà jẹ́ Leeds, ìbáà jẹ́ Houston. Tí ẹnì kan bá sì bi yín kó tó gbéra, ẹ dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn.

Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ, fi ọgbọ́n rìn, má gbé owó ẹ fún ẹnikẹ́ni láìwádìí. Àmọ́ tó o bá wà nínú ọkọ̀ ojú irin lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, tó o gbọ́ tí ẹnì kan ń ṣàròyé iṣu ní Yorùbá, yọ nǹkan etí ẹ yẹn kúrò. Kí wọn.