Orúkọ Tí Ó Yẹ Àrùn Ẹsẹ̀ Wíwọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ àrùn ni a sọ lórúkọ láìwo ilé wọn rárá. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní rickets, tí egungun ọmọdé fi ń rọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń tẹ̀ bí ọrun.

Ní ọdún 1634 ni orúkọ náà wọ ìwé tí wọ́n fi ń ka òkú ní Lọ́ńdọ̀nù. Daniel Whistler, tí ó kọ̀wé lé àrùn náà lórí ní 1645, fún un ní orúkọ mìíràn tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu kò fi lè gbé e. Orúkọ náà kú. Ní 1650 ni Francis Glisson pè é ní rachitis, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn ará Jámánì ní tiwọn ń pè é ní àìsàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì! Kò sí èyí tí ó sọ fún ìyá ọmọ ohun tí yóò ṣe nínú gbogbo wọn.

Yorùbá ń pè é ní ẹsẹ̀ wíwọ́. Ohun tí ojú rí ni ẹnu sọ, ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ a máa tẹ̀ díẹ̀ títí yóò fi tó bí ọmọ ọdún méjì, a sì máa tọ́ fúnra rẹ̀. Èyí kì í ṣe àrùn. Ìyá tí ó bá gbọ́ ẹsẹ̀ wíwọ́ lè di ẹ̀bi ru ọ̀já tí ó fi pọn ọmọ, kí ó máa fi òróró wọ́ orúnkún nígbà tí egungun ń bàjẹ́ nínú. Ilé ìwòsàn eegun tí ó wà ní Ìgbóbì ní Yaba, èyí tí a bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lè fi iṣẹ́ abẹ tọ́ egungun. Kò lè bá ẹnikẹ́ni se ọbẹ̀ nílé.

Ọbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì wà. Ní ilẹ̀ òyìnbó, àìrí oòrùn ni ó ń fa àrùn náà jù. Ta ni yóò wí pé oòrùn wọ́n ní Mushin? Ìwádìí kan tí a ṣe ní Jos, tí a tẹ̀ jáde ní 1999, fi hàn pé kálísíọ́mù ni ó dín nínú oúnjẹ àwọn ọmọ tí àrùn náà mú: bíi mílígíráàmù 200 péré ni wọ́n ń rí jẹ lóòjọ́. Nígbà tí a fún wọn ní kálísíọ́mù, egungun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ògì lásán kò ní in tó.

Nítorí náà, àrùn egungun rírọ̀ ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́. Ẹnìkan lè wí pé rírọ̀ pàápàá kì í ṣe orísun àrùn náà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ pé egungun rọ̀ yóò bèèrè ohun tí ń mú egungun le, ìbéèrè tí ẹsẹ̀ wíwọ́ kì í mú wá. Bí àwọn tí ń kọ ìwé ìlera fún àwọn ìyá ọlọ́mọ ní Surulere àti Mushin bá gbà á, kí wọ́n kọ wàrà, edé, àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun sí abẹ́ rẹ̀.