Bọ́dìn: Ẹ Gbọ́ Tẹnu Ọmọ Náà

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Òǹkọ̀wé yín sọ pé òbí tí kò bá fi ọmọ sí bọ́dìn ti kẹ́ ẹ bà jẹ́. Mi ò fara mọ́ ọn.

Ní Post Office, Ìlọrin, ni mo ti ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àpótí onírin. Bí sáà tuntun bá ti ń wọlé, ìyá á máa ná ọjà, bàbá á máa ka ìwé tí ilé-ìwé kọ, ọmọ á kàn dúró ti àpótí láìsọ̀rọ̀.

Bọ́dìn ní iyì. Ọdún 1966 ni ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣọ̀kan àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Ṣókótó, Warri àti Okposi, kí ọmọ ẹ̀yà gbogbo lè jọ gbé. Federal Government College tó wà ní Ìlọrin wa náà ń tọ ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti jí ọmọbìnrin 276 gbé nílé-ìwé wọn ní Chibok lọ́dún 2014, òbí tó ń bẹ̀rù kì í ṣe ojo.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ọmọ sí bọ́dìn, ẹ lọ wo ọgbà ilé-ìwé náà fúnra yín; ẹ béèrè nípa odi, ọdẹ, omi àti ìtọ́jú aláìsàn. Ṣé ọmọ yín lè fọ aṣọ rẹ̀? Ṣé ó lè sọ̀rọ̀ síta bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ẹ́? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó sanwó àpótí, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ọmọ.

Èmi ni tiyín,
Ìyá ọlọ́mọ kan,
Post Office, Ìlọrin.