Ọdún Méjì Hananáyà

Béèyàn bá dúró díẹ̀ ní oríta Mobil ní Minna, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Marwa kan: Jeremáyà 29:11. Ẹsẹ tó ní ire ni Ọlọ́run ń gbèrò sáwọn èèyàn rẹ̀ ni. Ẹsẹ 10 tó ṣáájú rẹ̀ kì í gun kẹ̀kẹ́. Òun ló sọ ìgbà tí ire náà yóò dé: ó di ẹ̀yìn 70 ọdún ní Bábílónì. Lẹ́tà tí Jeremáyà kọ sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì ni orí yìí, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí wọ́n sì kà á sí létí kò lè fojú rí Jerúsálẹ́mù mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ ìlú wà ní orí 28. Wòlíì Hananáyà dúró nínú tẹ́ńpìlì, ó ní kó tó pé ọdún 2, àwọn ìgbèkùn á ti padà wálé. Jeremáyà kọ́kọ́ ṣe "Àmín" (àwọn oníwàásù kì í sábà dúró níbẹ̀), torí òun náà ì bá fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Hananáyà wá bọ́ àjàgà igi tó dúró fún agbára Bábílónì kúrò lọ́rùn Jeremáyà, ó ṣẹ́ ẹ níṣojú gbogbo èèyàn. Ká ní òní ni, àtẹ́wọ́ ì bá bo ilé. Ọdún yẹn gan-an ni Hananáyà kú, Bábílónì sì wà níbẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Niger, tí Minna jẹ́ olú ìlú rẹ̀, kì í ṣe àlejò ìjìyà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2023, àwọn agbébọn dáná sun Fáda Isaac Achi mọ́lé ní Kafin Koro. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn jí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St. Mary's ní Papiri kó lọ. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, àwọn kan á ṣí Mátíù 24, wọ́n á ní ìkẹyìn ayé ló dé. Orí yẹn kan náà ni Jésù ti ní kí wọ́n má fòyà bí wọ́n bá gbọ́ ìró ogun, torí òpin kò tíì yá. Ẹni tí wọ́n bá sì ti sọ di àmì ìkẹyìn ayé, kò sẹ́ni tó tún ń bèèrè orúkọ rẹ̀.

Orúkọ ni wọ́n bèèrè ní Papiri. CAN, ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni ní Nàìjíríà, kọ́kọ́ ka ọmọ 215. Nígbà tí wọ́n tún un kà, ó di ọmọ 303 àti olùkọ́ 12. Àádọ́ta ọmọ sá àsálà. Oṣù Kejìlá ni wọ́n tó dá àwọn ìyókù sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn wá sí Minna. Àwọn tó ń gbàdúrà náà ló ń kọ orúkọ sílẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí Jeremáyà kọ ránṣẹ́ sí Bábílónì nìyẹn: ẹ kọ́lé, ẹ gbin oko, ẹ wá àlàáfíà ìlú tí ẹ wà. Àwọn Yorùbá tí bàbá wọn bá rélùwéè dé Minna kò nílò àlàyé lórí èyí.

Àwọn kan á ní bí wòlíì kò bá dá ọjọ́, ìrètí á kú. Ọjọ́ tí wọ́n dá tó kọjá gan-an ló ń pa ìrètí. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló kù sí àwọn pásítọ̀ ìlú yìí: kí wọ́n ka ẹsẹ 10 sókè kí wọ́n tó dé 11, kí ìjọ sì ṣe "Àmín" sí méjèèjì.